Ìró tí etí kò gbọ́

Ní àárọ̀ yìí, mo tẹ̀lé àbúrò mi obìnrin lọ ṣe síkáànù oyún rẹ̀ ní Kubwa. Wọ́n fi oje tútù kan pa á níkùn, wọ́n sì ń rọra yí ẹ̀rọ kékeré kan lórí rẹ̀. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Lójijì ni ọkàn ọmọ náà hàn, tí ó ń ṣẹ́jú wàìwàì bí iná àtùpà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i?" Omijé ti bọ́ lójú mi.

"Ultrasound" ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. "Sound" ni ìró. "Ultra", tí wọ́n mú láti inú èdè Látìn, túmọ̀ sí "kọjá": ìró tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ju 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Nínú yàrá tí mo rò pé ó dákẹ́ yẹn, ìró ń wọ inú ara lọ, ó ń kan ọmọ, ó sì ń padà bí gbohùngbohùn tí ẹ̀rọ ń sọ di àwòrán.

Èmi ìbá pè é ní "ìró àìgbọ́", ṣùgbọ́n ìró tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kéré jù pàápàá kò ṣeé gbọ́, nítorí náà "ìró akọjá-etí" ni mo fara mọ́. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiyín?