Ohun Tí Mo Máa Ń Wádìí Kí Ọwọ́ Mi Tó Kan Ara Oníbàárà

Ohun tí iṣẹ́ másáàjì kọ́ mi jù lọ ni pé ibi tó ń dun ènìyàn lè má jẹ́ ibi tí àìsàn rẹ̀ ti ń wá, àti pé ìrora kan wà tí kò yẹ kí á fi ọwọ́ wọ́ rárá.

Màmá kan wá bá mi ní Ìbàdàn, wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì ń ro àwọn láti ìgbà tí àwọn ti fi bọ́ọ̀sì ti Kánò dé, kí n sáà fi òróró bá àwọn wọ́ ọ dáadáa. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ná." Ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì gbóná, ó sì wú, nígbà tí mo fi téèpù wọn méjèèjì, ti òsì fi ohun tó lé ní sẹ̀ǹtímítà 3 tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ náà, pé bí a bá wọ́ ọ, èyí tó dì lè já, kí ó sì lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n dé ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò sì fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Nítorí náà, ẹ máa béèrè bóyá oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ rìnrìn àjò gígùn, bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ sì béèrè oògùn tó ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin.

Ní ti ẹ̀yìn ríro, ẹ wádìí ibi tí ìrora náà dé. Èyí tó bá kọjá orúnkún lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń ta bí iná, ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti tẹ iṣan ìmọ̀lára níbi ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ojú abẹ́ bá kú, tí kò mọ ìfọwọ́kàn lára mọ́, tàbí tí onítọ̀hún kò lè ṣàkóso ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, pàjáwìrì ni. Ilé ìwòsàn ni kí ó máa lọ.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má mọ̀ pé ọwọ́ yín ti ń pa òun lára, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó ń ṣètò ìtọ́jú. Mo máa ń ní kí oníbàárà yí ọrùn, kí ó gbé apá, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà láti 0 dé 10 sọ bí ìrora náà ṣe pọ̀ tó, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì tún bi í lẹ́yìn iṣẹ́. Bí nọ́ńbà náà kò bá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí a ti tọ́jú rẹ̀ léraléra, n kì í gba owó mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀; mo máa ń kọ ìwé lé e lọ́wọ́ fún dókítà, tí mo ti to ohun tí mo rí àti ohun tí mo ṣe sí.