Spacer ló ń gbé oògùn dé àyà ọmọ

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní ikọ́ fée, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra inhaler, oògùn tí a ń fín sí ẹnu, láìra spacer mọ́ ọn. Ike gbọọrọ ni spacer. A máa ń ki inhaler bọ ìdí rẹ̀, ọmọ á fi ẹnu gba ti iwájú. Ti àwọn ọmọ kéékèèké ní rọ́bà tó ń bo imú àti ẹnu.

Eré ni oògùn máa ń bá jáde nínú inhaler bíi Ventolin. Tí ẹ bá fín in sí ọmọ lẹ́nu lásán, ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Inú spacer ló ti ń rọlẹ̀, tí ọmọ á máa mí in sínú díẹ̀díẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é fún ọmọ mi nìyí. Màá gbé e jókòó dáadáa, màá mi inhaler pọ̀, màá wá mú rọ́bà lé e lójú kí atẹ́gùn má ráyè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Màá tẹ inhaler lẹ́ẹ̀kan péré, á mí tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí mẹ́fà. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú ike náà tó ń ṣí tó ń pa dé. Òun ni mo fi ń ka èémí rẹ̀. Tó bá ku ìkejì, màá tún inhaler mì. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ léraléra pọ̀ ń fi oògùn kun ara ike ni.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, ṣé kò ní di bárakú sí i lára báyìí?" Mo ní, "Rárá o, Màmá, kì í di bárakú." Ṣùgbọ́n tó bá ń béèrè fún un lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ spacer, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún: bí bírò tí a fi ra irun ṣe ń fa bébà ni ike náà á ṣe máa fa oògùn mọ́ra.

Spacer wọ́n, mo mọ̀. Ní Cape Town, ní South Africa, dókítà ọmọdé kan, Heather Zar, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ìgò ike 500 ml wò dípò spacer, wọ́n lu ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹnu inhaler, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí etí ihò náà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1999 ni pé ó ṣiṣẹ́ bíi ti ilé ìtajà.

Àmọ́ tí ọmọ ò bá lè sọ̀rọ̀ já geere mọ́, tí ẹran àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, ọsibítù ni kíá. Ẹ mú spacer dání, kí ẹ máa fún un ní oògùn náà lọ́nà.