Kí àmì orí orúkọ má sọnù kó tó dé ilé ìtẹ̀wé

Ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó ni iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà, àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó, á sì bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé kì í ṣe ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà mi ló ń bọ́ sórí ìwé, bí kò ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé bá rí nínú fáìlì mi. Orúkọ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ dáàbò bò.

Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, à àti é náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ àti ọ́ kò ní ààyè kan ṣoṣo: ẹ tàbí ọ ló ń kọ́kọ́ wọlé, àmì ohùn á wá gorí rẹ̀. Fọ́ńtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, tí wọn kò ṣe fún irú èyí á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí ṣófo rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn fọ́ńtì aláràbarà tó jọ ìkọ̀wé ọwọ́ ṣe ń ṣe, àwọn yẹn gan-an sì ni àwọn ẹbí fẹ́ràn fún ojú ìwé àkọ́kọ́. Kí n tó fi fọ́ńtì kankan han oníbàárà, mo máa ń fi í kọ "Ẹ̀gbọ́n", "ṣọ́ọ̀ṣì" àti "Ọlọ́run" wò. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif kì í já mi kulẹ̀.

Atẹ̀wé lè máà ní fọ́ńtì tí mo lò. Bó bá ṣí fáìlì mi báyẹn nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to ìwé, òmíràn ni yóò rọ́pò rẹ̀, àmì á sì tú ká. Nítorí náà, mo máa ń mú gbogbo ọ̀rọ̀, mo á tẹ Ctrl àti Q kí wọ́n di curves. Lẹ́tà ti di àwòrán nìyẹn, kò nílò fọ́ńtì mọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tó ṣì ṣeé tún kọ o, torí ẹbí á ṣì rántí orúkọ ọmọ-ọmọ kan lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Fún ìwé olójú-ewé púpọ̀, PDF/X-1a, irú PDF tí wọ́n ṣe fún ilé ìtẹ̀wé, ni mo fẹ́ràn jù. Ìlànà yìí, tí ISO, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà, gbé jáde ní 2001, kò fàyè gba fáìlì tí fọ́ńtì rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, kò sì gba àwọ̀ RGB, ìyẹn àwọ̀ ti ojú kọ̀ǹpútà. PDF yẹn gan-an ni kí ẹ kà. Èmi máa ń ṣí i lórí fóònù, kí ẹnì kan nínú ẹbí máa pe orúkọ kọ̀ọ̀kan sí mi létí, torí àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé.

Àwòrán olóògbé tẹ̀ lé e. Bí ojú ìwé bá jẹ́ A5, 154 × 216 mm ni mo máa ń yà á, kí 3 mm lè wà yíká fún ọ̀bẹ ìgéwé. Àwòrán tó bá máa kún un ní 300 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan, gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 1819 × 2551 píksẹ́lì. WhatsApp máa ń dín àwòrán kù, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Bó bá jẹ́ fọ́tò àtijọ́ lára ògiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fóònù yà á láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹ yọ ọ́ jáde, kí ẹ fi scanner yà á ní 600 dpi.

Iye ojú ewé gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín bí wọ́n bá máa fi pín-ìnnì gún un láàárín. Ẹ fi ojú ewé ránṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Atẹ̀wé ló mọ bí yóò ṣe tò wọ́n.

Àwọ̀ aṣọ ẹbí máa ń fa ọ̀rọ̀. Búlúù tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ ni. Yíńkì CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé: cyan (búlúù fẹ́ẹ́rẹ́), magenta (pupa tó fà sí pínkì), yẹ́lò àti dúdú, kò lè tàn tó bẹ́ẹ̀. Bí cyan àti magenta bá jọ wà ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún, ó máa ń fà sí pọ́pù, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kí magenta fi 30 ó kéré tán rẹlẹ̀ sí cyan. Mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kéékèèké ní tirẹ̀, dúdú 100 nìkan, kí àwọ̀ mẹ́ta yòókù wà ní òdo. Bí dúdú bá jẹ́ àdàlù àwọ̀ mẹ́rin, tí pílétì kan (àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pílétì tirẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́) sì yẹ̀ díẹ̀, òjìji á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, àmì kékeré abẹ́ ẹ àti ọ ló sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ẹbí bá rí orúkọ tó yẹ ká tún ṣe lẹ́yìn tí pílétì ti jáde, pílétì dúdú nìkan ni wọ́n máa tún ṣe, ẹ kò ní san owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.