Àyẹ̀wò ọdún 2025: eré ìtàn tí mo dá dúró, àti Windows 98 tí ó fà á

Ní àárín oṣù Kọkànlá ọdún yìí ni mo dá iṣẹ́ dúró lórí eré ìtàn tí mo ti ń kọ láti ọdún 2022, èyí tí mo sọ ní Àkọ̀wé Agbowó. Àwọn tí wọ́n ti ka orí kìíní rẹ̀ ń béèrè ìgbà tí orí kejì yóò jáde, ó sì tọ́ kí n fún wọn ní èsì tó kún kí ọdún tó parí. Owó kò tán lọ́wọ́ mi, kò sì sí ìjà láàárín èmi àti àbúrò mi obìnrin tí ó ń ya àwòrán rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé mo fi Windows 98, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà láyé ìgbà náà, sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, a tẹ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà inú eré náà sí i, mo sì rí i pé ohun tí mo kọ kò lè ṣẹlẹ̀ rárá.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, visual novel ni irú eré kọ̀ǹpútà tí kíkà pọ̀ nínú rẹ̀ ju sísá káàkiri lọ. Àwòrán ibi ìṣẹ̀lẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ dúró níwájú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde nísàlẹ̀, nígbà tí ìtàn bá sì dé oríta, òǹkàwé ni yóò yan ọ̀nà tí a óò gbà. Ren'Py ni mo fi ń ṣe tèmi, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ó ti wà láti ọdún 2004, tí wọ́n gbé ka Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì lè fi kọ ìtàn tirẹ̀ bí ó bá ní sùúrù. Ìtàn tèmi wáyé ní ọdún 2003 ní Agbowó, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí àwọn ènìyàn sì ti ń sanwó wákàtí kọ̀ọ̀kan láti wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń tẹ̀wé níbẹ̀ ni olú ẹ̀dá ìtàn. Oníbàárà méje ń wá bá a kí ó bá wọn kọ lẹ́tà ní Yorùbá sí ẹbí wọn tí ó wà lókè òkun, òǹkàwé ni yóò sì pinnu bóyá ohun tí oníbàárà sọ gan-an ni ọmọbìnrin náà yóò tẹ̀, tàbí ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò pé ó yẹ kí ó sọ.

Ní ìparí oṣù Kẹfà, mo ti kọ ọ̀rọ̀ bí 41,000, ìtàn oníbàárà márùn-ún ti parí, àbúrò mi sì ti ya àwòrán 18 nínú 24 kí wọ́n tó pè é lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Benue.

Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán yòókù ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó yẹ kí ó jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà tí ọmọbìnrin náà ń lò, tí ó sún mọ́ wa débi pé a lè ka ohun tí ó ń tẹ̀. Ọdún 2002 ni wọ́n bí àbúrò mi, ó sì bi mí léèrè lórí fóònù bí ojú náà ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni èmi náà nígbà náà, ohun tí mo sì rántí kò ju ariwo fáànù, ooru yàrá, àti ọwọ́ Àǹtí mi tí ó ń sáré lórí kíbọ́ọ̀dù lọ. Àwòrán Windows 98 pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò sí èyí tí ó lè sọ fún mi bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀rọ tó jí, tàbí ohun tí oníbàárà tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò máa wò ní gbogbo àkókò náà. Mo fẹ́ jókòó síwájú rẹ̀ fúnra mi.

Nínú oṣù Kẹjọ, mo rí kọ̀ǹpútà Pentium III kan lọ́dọ̀ oníṣẹ́ àtúnṣe kan ní Dùgbẹ̀, lábẹ́ tábìlì tí ó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iyára rẹ̀ jẹ́ 500 MHz, RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ 128 MB, dísìkì rẹ̀ jẹ́ 10 GB, mọ́nítọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ó ní ẹ̀yìn gbọ̀ngbọ̀n, tí mo fi ní láti dá odindi takisí Micra kan gbà láti gbé e délé. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku inú rẹ̀, mo fi ìrésà nu ẹsẹ̀ RAM rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì tàn. Bátìrì kékeré CR2032 tí ó ń gbé aago rẹ̀ ti kú, irin tí ó yẹ kí ó di bátìrì náà mú sì ti dá, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá tan ẹ̀rọ náà ni ó ń sọ fún mi pé ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1999 ni a wà.

Ẹni tí kò bá fi Windows 98 sórí ẹ̀rọ rí lè rò pé kí á ti CD bọ̀ ọ́ nínú náà ni. FDISK, irinṣẹ́ tí a fi ń pín dísìkì, ni a kọ́kọ́ ń bá pàdé, lójú dúdú tí kò ní àwòrán kankan. Yóò béèrè bóyá a fẹ́ kí ó lo dísìkì ńlá, bí a bá sì ti pín dísìkì tán, dandan ni kí á pa ẹ̀rọ kí á tún un tàn kí ó tó mọ̀ pé C, ìyẹn apá dísìkì tí Windows yóò wà, ti wà. Lẹ́yìn náà ni FORMAT, èyí tí ó ń múra dísìkì sílẹ̀ láti gba fáìlì, tí ó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ojú ẹni yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi pé 100. ScanDisk, tí ó ń yẹ dísìkì wò bóyá ó ní àbùkù, tẹ̀lé e. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ojú tí ó ní àwọ̀ tó dé, pẹ̀lú àkọlé ní apá òsì tí ó ń ṣèlérí pé ó ku ọgbọ̀n sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ràn àkọlé yẹn gidigidi.

Àmọ́ Ìbàdàn ni a wà. Iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ náà ń wá àwọn ohun èlò inú ara rẹ̀, mo sì gbà pé iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Nígbà tí iná dé lẹ́yìn wákàtí méjì, mo tan ẹ̀rọ náà, ó sì bi mí bóyá kí òun lo Safe Recovery. Bí ó ṣe ń yẹ ohun èlò kọ̀ọ̀kan wò ni ó ti ń kọ ibi tí ó dé sínú fáìlì kan tí ń jẹ́ DETCRASH.LOG, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá kú lójijì, yóò mọ ohun tí ó ń yẹ̀ wò nígbà náà, yóò fò ó, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Káàdì ohùn ni ó ń yẹ̀ wò nígbà tí iná lọ. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ iná lọ. Ó gbà pé káàdì ohùn ni ó pa òun, ó sì fò ó. Wákàtí kan gbáko ni mo fi wá a padà sí i. Mo ti kọ èyí sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi fún eré náà, nítorí n kò lè fi orí ara mi ro irú rẹ̀ láé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé oríṣiríṣi sórí dísìkì mìíràn tí mo rà: Windows 95, tí ó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1995, Windows 2000, Windows XP, tí ó ń mí gúlegúle lórí 128 MB. Ubuntu 8.04, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, kò gbà rárá, RAM kò tó o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní CD rẹ̀ nínú páálí rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè títí di ọdún 2011. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá yìí kan náà ni àtìlẹ́yìn Windows 10 dópin, òun ni ó sì wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ eré náà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, Àǹtí wá kí wa láti Mọlétè. Àbúrò ìyá mi ni, ó tẹ̀wé ní Agbowó láti ọdún 1999 títí di 2006, lára rẹ̀ ni mo sì ti mú olú ẹ̀dá ìtàn náà jáde. Nígbà tí ó gbọ́ orin tí Windows 98 fi ń jí, ó dìde nídìí oúnjẹ, ó lọ fọwọ́, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, ó fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra díẹ̀, ó sì tẹ ìlà mẹ́ta láìwo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí,” mo sì na fóònù mi sí i, níbi tí lẹ́tà oníbàárà kìíní inú eré náà wà. Gbólóhùn tí ó ṣáájú nínú rẹ̀ ni “Ọ̀wọ̀ rẹ kò dín kù lójú wa.” Ohun tí Àǹtí tẹ̀ ni: Owo re ko din ku loju wa. Ó sì ti ń lọ sí ìlà kejì.

Mo ní, “Àǹtí, àmì ńkọ́?”

Ó yíjú sí mi. “Àmì wo? Níbo lo fẹ́ kí n ti rí i? Bí a bá tẹ̀wé jáde tán, bírò la fi ń fi àmì sí i. Èyí tó bá jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì, bó ṣe wà yẹn náà ló ń lọ.”

Mo gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbìyànjú. Bí mo bá di Alt mú tí mo tẹ 0243, ó ń jáde tòun ti àmì òkè. 0242 ń mú ò wá. Á, à, é àti è wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù nílò wọn. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Àtẹ lẹ́tà tí Notepad, ibi ìkọ̀wé inú Windows, ń lò lórí Windows 98 yẹn, tí wọ́n ń pè ní Windows-1252, kò gba ju àmì 256 lọ, èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n sì ṣe é fún. Mo gbé dísìkì Windows XP sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà láti wò ó. Ẹ àti ọ jáde níbẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí tiwa: èdè Vietnam náà ń lo méjèèjì, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wà nínú fọ́ǹtì. Ṣ, tí àwọn ará Vietnam kò lò, jáde bí àpótí òfìfo. Títí di òní olónìí, ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tiwọn nínú Unicode, àtẹ tí ó ń fún lẹ́tà àwọn èdè àgbáyé ní nọ́ńbà; ẹ ni a ń kọ, kí á tó gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun kejì.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, Àǹtí sọ ìtàn kan fún mi tí mi ò gbọ́ rí. Obìnrin kan wá bá a kí ó bá òun kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ní London, ẹni tí ó fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i láti fi ṣe òwò. Ó ní kí ó tẹ̀ ẹ́ pé ọkọ̀ náà ti dé, pé inú gbogbo ilé dùn. Àǹtí tẹ̀ ẹ́: Oko naa ti de, inu gbogbo ile dun. Ọkọ obìnrin náà ti já a sílẹ̀ lọ láti ọdún mẹ́rin ṣáájú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó sì ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Ó kà á pé ọkọ náà ti dé. Ó dáwọ́ owó dúró, nítorí pé baba àwọn ọmọ ti padà sílé, títí tí obìnrin náà fi wá pè é ní tẹlifóònù. Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí kò tẹ “ọkọ̀” fún oníbàárà kankan mọ́. “Moto” ni ó ń tẹ̀. Ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ogún ní orí òun, èyí tí òun máa ń yẹ̀ fún, àti èyí tí òun máa ń fi rọ́pò rẹ̀, láìsọ fún oníbàárà.

Ìdí tí mo fi dá iṣẹ́ dúró nìyẹn. Nínú eré mi, gbogbo lẹ́tà ni ó hàn lójú kọ̀ǹpútà ọdún 2003 tòun ti àmì rẹ̀ pípé, òǹkàwé sì ń yan láàárín gbólóhùn méjì tí ìtumọ̀ wọn hàn kedere. Ẹni tí ó jókòó sórí àga yẹn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ ní ohùn, ohun tí ó tẹ̀ kò ní, ẹni tí yóò kà á sì wà ní ibi tí kò ti lè béèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí ìtumọ̀ kejì ṣáájú kí lẹ́tà tó lọ. Mo ka oríta inú eré náà: 112 ni wọ́n, 63 nínú wọn ni mo sì ní láti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo pe àbúrò mi ní Benue. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwòrán tí mo ti yà kò bàjẹ́?” Mo ní kò bàjẹ́, ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni a óò yà. Ó ní kí n má wulẹ̀ kánjú, pé òun yóò ti parí sísin ilẹ̀ baba òun ní àárín ọdún tí ń bọ̀.

Mo ti bi ara mi léèrè, tọkàntọkàn, bóyá ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyí ni mo sá lọ bá nítorí ìtàn le. Láti oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kọkànlá, ọ̀rọ̀ 2,300 péré ni mo kọ. Windows ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ó kù fún ènìyàn, ìtàn kì í sọ ọ́, alẹ́ mélòó kan sì wà tí mo mọ̀ dájú pé nítorí ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni mo ṣe tan ẹ̀rọ náà. Síbẹ̀, n kò kábàámọ̀ pé mo rà á. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé mo kọ odindi ọdún mẹ́ta nípa iṣẹ́ Àǹtí, nígbà tí Mọlétè kò ju wíwọ Micra lẹ́ẹ̀mejì lọ sí ilé mi, n kò sì jókòó tì í kí n bi í bí ó ṣe ń ṣe é. Mo ti ṣèlérí orí kejì fún oṣù Kejìlá yìí fún àwọn tí wọ́n bá mi yẹ orí kìíní wò, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Gbogbo ohun tí mo ti kọ wà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, n kò sì ní pa ọ̀kan rẹ́. Àǹtí ti fi làìlọ́ọ̀nù kan ránṣẹ́, tí ó kún fún ìwé tí ó tẹ̀ nígbà náà: ètò ìsìnkú, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé ìkésíni. Àmì bírò aláwọ̀ búlúù wà lábẹ́ ọ kọ̀ọ̀kan, níbòmíràn ó ti lu pépà já. Nínú oṣù Kìíní ni yóò padà wá, yóò tẹ lẹ́tà méjèèje bí ì bá ṣe tẹ̀ wọ́n ní 2003, èmi yóò sì jókòó sí àga oníbàárà. Ó ní kí n wá ẹni tí yóò fi òjé lẹ irin bátìrì náà kí òun tó dé, nítorí pé déètì ni ó ń wà lókè lẹ́tà, òun kò sì ní tẹ ọjọ́ tí kì í ṣe òótọ́ síbẹ̀.