Láti Padova dé Palermo, ilé dé ilé

Kí a tó kúrò ní London ni ọkọ mi ti fi òfin ìrìnàjò náà lélẹ̀: ìlú tí a bá ti ní èèyàn, ilé onítọ̀hún ni a ó sùn; ìlú tí a ò bá ní ẹnìkan, a ó kàn yà níbẹ̀ ni, a ó sì máa lọ. Bí bàálù bá ti já wa sílẹ̀ ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, rélùwéè ni títí dé Palermo. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, èmi náà ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ sì ti ní ilé tiwọn. Ta ló ń lé wa?

Padova ni a kọ́kọ́ sọ̀ sí, lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi obìnrin. Ìbàdíàrán ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti pẹ́ nílùú náà, ibẹ̀ ló sì bí ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ káàbọ̀ sà." Ìgbà tí wọ́n dìde tán ni wọ́n wá fi èdè Ítálì bi ìyá wọn bóyá a mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. A mú un wá.

Ní agbègbè Veneto yẹn, polenta ni oúnjẹ àwọn àgbà. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, wọ́n á rò ó lórí iná títí yóò fi ki, bó bá sì tutù, wọ́n á gé e. Ẹ̀kọ tó pọ́n ni lójú mi. Ìbàdíàrán bu ẹ̀fọ́ rírò lé tiwa, ọkọ mi sì tọrọ sí i.

Ibì kan wà ní Padova tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá dé ìhà ibẹ̀ fò dá: ilé àdúrà kékeré tí wọ́n ń pè ní Cappella degli Scrovegni. Ọlọ́rọ̀ kan, Enrico Scrovegni, ló kọ́ ọ. Owó sọ́gùndogójì ni bàbá rẹ̀ ń yá àwọn èèyàn, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé ọmọ kọ́ ilé náà láti fi bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Giotto ló ya àwòrán sí ara ògiri rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1305. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ jókòó sí yàrá onígíláàsì kan fún ìṣẹ́jú 15, kí ooru àti eruku tí ẹ gbé wọlé má baà ba àwòrán jẹ́, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún yín. Àwọ̀ aró ni òkè ilé náà, ìràwọ̀ wúrà sì kún un. Lára ògiri, Màríà gbé òkú Jésù mọ́ra, ó tẹjú mọ́ ojú rẹ̀. Àwọn áńgẹ́lì ń ké lókè, kálukú pẹ̀lú bó ṣe ń ṣọ̀fọ̀ tirẹ̀. Mo ti jókòó ti ìyá tó sin ọmọ rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Venice kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ sí Padova. A lọ láàárọ̀, a padà dé nírọ̀lẹ́. Ó rẹwà, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ mi lè fara dà.

Ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ mi ló ń gbé Bologna. Nígbà tí àwọn ará Ítálì ń kọ́ dáàmù Kainji láàárín ọdún 1964 sí 1968, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó wá síṣẹ́. Bàbá ọkọ mi ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn títí bàbá wa fi kú. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí. Ó dìde dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn!" Ó sì fi "sànnu" àwọn Hausa lé e.

Ìyàwó rẹ̀ mú mi lọ sí ilé ìdáná láti ṣe tortellini. Màmá da ìyẹ̀fun sórí pákó ńlá kan, ó dá ihò sí i láàárín, ó fọ́ ẹyin sí i, ó pò ó, kò fi omi sí i rárá. Ó mú igi róbótó gígùn kan, ó fi ń tẹ́ ẹ títí ó fi fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí ìlà ara pákó lábẹ́ rẹ̀. Ó gé e sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ wàràkàṣì Parmigiano bíńtín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ po, ó wé e mọ́ ìka, ó fún igun méjèèjì pọ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ tirẹ̀. Bí mo bá ṣe ọ̀kan tí kò dára, yóò gbà á lọ́wọ́ mi, yóò tún un fún, yóò sì fi í sáàárín àwọn tirẹ̀. Omi ẹran ni a fi jẹ ẹ́.

Àwọn ọkùnrin wà ní pálọ̀ pẹ̀lú fọ́tò àtijọ́. Ọkọ mi rí bàbá rẹ̀ nínú ọ̀kan: ó wọ ṣòkòtò péńpé, kò tíì gbéyàwó, ó ń rẹ́rìn-ín. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ò sí nílé wa. Bàbá náà fà á yọ, ó ní kó máa mú un lọ. Fún ìgbà pípẹ́, ọkọ mi ò lè sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọmọ wọn mú wa rìn lábẹ́ àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2021. Èyí tó gùn jù ló gun òkè lọ sí ilé ìjọsìn San Luca, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4. Òjò ń rọ̀, a ò tutù.

Ní Firenze, a ò ní èèyàn. A jẹ lampredotto, inú màlúù tí wọ́n sè tí wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì, lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tó bá fẹ́ràn ṣàkì yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó di ọkọ̀.

Ìbátan ọkọ mi kan ló gbà wá ní Castel Volturno, nítòsí Napoli, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Ghana pọ̀ sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, àwọn ọ̀daràn Camorra yìnbọn pa ọmọ Áfíríkà 6 nílùú náà. Ní oṣù kọkànlá, Miriam Makeba wá kọrin níbẹ̀, kí àwọn tó ń gbébẹ̀ lè mọ̀ pé àwọn ò dá wà. Lẹ́yìn orin yẹn ló ṣubú, ó sì kú. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló kú sí títí àǹtí tó gbà wá sílé fi sọ fún wa nídìí ọbẹ̀. Inú mi bà jẹ́, mo sì tún bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà sí i.

Láti Napoli, rélùwéè gbé wa lọ sí Villa San Giovanni, níbi tí ilẹ̀ ti tán. Kò sí afárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ afárá ti pẹ́ nílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n já rélùwéè náà sí méjì, wọ́n sì tì í sínú ikùn ọkọ̀ ojú omi, lórí irin tí wọ́n tò sínú ọkọ̀ náà gan-an. Irin ń dún gbàù gbàù, àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo síra wọn. Ẹrù wa wà nínú rélùwéè, rélùwéè wà nínú ọkọ̀, àwa gun àtẹ̀gùn lọ sókè láti rí òkun. Ọkọ mi di irin ọkọ̀ mú, ó ń wo Sicily tó ń bọ̀. Ní Messina, wọ́n tún fà wá jáde, ó di Palermo.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní Campos, ní Èkó, ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Ballarò. Gàrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń tà. Ọmọ Àgùdà ni àwa méjèèjì. Láti Bahia ni àwọn bàbá ńlá wa ti padà wá sí Èkó. Ìyá ìyá mi ní àwòrán ẹni mímọ́ dúdú kan tó gbé Jésù òpòǹló, São Benedito. Àwọn ẹrú ilẹ̀ Brazil fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Palermo ló gbé, ibẹ̀ ló sì kú sí. Sicily ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1526. Ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Kò mọ̀wé, ìdí ààrò ni iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ará Francis, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan nínú ìjọ Àgùdà. Síbẹ̀, ní ọdún 1578, wọ́n fi í ṣe olórí ilé wọn. Ó kú ní ọdún 1589.

Ọ̀rẹ́ mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú wa lọ sí Santa Maria di Gesù, ní ẹsẹ̀ òkè Grifone. Iná ńlá tó jó àyíká Palermo ní oṣù keje ọdún 2023 wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó sì kan òkú ẹni mímọ́ náà fúnra rẹ̀. A ò ráyè wọlé. A dúró lóde, a gbàdúrà ní Yorùbá àti ní Potogí díẹ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Obìnrin ará Palermo kan tó ń kọjá lọ dúró tì wá títí a fi parí, ó sì ṣe "Amen" pẹ̀lú wa.

Mo fi fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Èkó, nítorí ọwọ́ wọn ni àwòrán ẹni mímọ́ tí ìyá ìyá wa ní wà. Kí a tó padà dé Ballarò ni wọ́n ti pè. Wọ́n bèèrè ọjọ́ tí àjọ̀dún rẹ̀ ń bọ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ni. Wọ́n ní kí a má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan, kí a dúró de àwọn, àwọn ti fẹ́ lọ gba físà.