Rédíò mọ́tò tó ń pọ àwo

Láàárọ̀ òní, bí mo ṣe ń kọjá ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ni rédíò mọ́tò mi tún pọ sìdíì síta. Mo tì í padà. Ó ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó kọ ERROR gàdàgbà, ló bá tún yọ ọ́ síta bí ọmọ aláìgbọràn tó ń yọ ahọ́n síni. Àwo jùjú tí bàbá mi fẹ́ràn jù ni o! Rédíò fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kedere, nítorí náà kì í ṣe fíúsì, kì í ṣe wáyà sípíkà.

Mo yà sọ́dọ̀ bọ̀dá rẹ́wáyà kan ní Lágere. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi ní kí n lọ ra tuntun, èyí tó ń lo fúláàṣì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ tú u wò ná." Ó rojú, àmọ́ ó tú u.

Ẹ wá wo eruku! Ṣé ọyẹ́ ló kó o wọlé ni, àbí ọ̀nà àdúgbò wa tí kò ní ọ̀dà? Gíláàsì bíńtín tí iná léésà ń gbà ka àwo ti ṣe bàìbàì. Ó fi òwú tó rẹ sí sípírítì nù ún jẹ́jẹ́. Àwo wọlé, gbogbo wa dákẹ́, àfi gángan! Ọlọ́kadà kan bọ́ sílẹ̀, ó fi ijó sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn sìdíì tí mo fi kọ̀ǹpútà kọ ṣì ń fò, ojúlówó nìkan ló ń kà. Ṣé tiyín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀? Kí lẹ ṣe sí i?