Ẹni Tó Wà Níbẹ̀ Ni Kó Sọ Ọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Ẹjọ́ Ìdìbò Aṣòfin

Ọ̀sẹ̀ yìí ni ó pé ọdún 15 tí wọ́n ti pè mí sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ọ̀sẹ̀ yìí náà sì ni ọ̀kan nínú ẹ̀yin àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí gbé ìwé ẹ̀sùn ìdìbò kan wá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé náà dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Inú mi bàjẹ́, nítorí àṣìṣe tí èmi náà ṣe lọ́dún 2019 gan-an nìyẹn. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bá gbogbo yín sọ.

Èkíní ni ọjọ́. Ẹ ti mọ̀ pé apá 285 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa fún olùpẹ̀jọ́ ní ọjọ́ 21 péré lẹ́yìn ìkéde èsì, ó fún ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ ní ọjọ́ 180, ó sì fún ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 60. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ lọ́dún 2012, nínú ẹjọ́ ipò gómìnà ìpínlẹ̀ Borno tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Goni, pé kò sí ẹni tó lè fi ọjọ́ kan lé ọjọ́ 180 yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kì í fi ọkàn sí ni pé bí ọjọ́ 21 bá ti pé, ilẹ̀kùn tì mọ́ ẹlẹ́rìí tuntun pẹ̀lú. Ẹni tí ẹ kò bá so ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ̀ mọ́ ìwé ẹ̀sùn, ẹ má retí pé ẹ ó rí i tì bọ̀ ọ́ nígbà tó bá yá.

Èkejì ni ẹlẹ́rìí, ibẹ̀ ni mo sì ti fara gbọgbẹ́.

Oníbàárà wa du ìjókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ nínú ìdìbò ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n sì kéde pé ó fìdí rẹmi. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, obìnrin onídìrí kan tó ṣe aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa fúnra rẹ̀. Inú Bíbélì ló ká ẹ̀dà fọ́ọ̀mù EC8A tirẹ̀ sí, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó ìdìbò sí. Nínú ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀, ìbò 41 ni alátakò wa ní. Nínú èyí tí àjọ elétò ìdìbò fi òǹtẹ̀ lù fún wa, 141 ni. Igi kan ni wọ́n fi bírò fà síwájú iye náà, wọ́n sì ti kọ ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí tí kò fi ṣeé kà mọ́. Mo gba ìwé náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ sílé, pé bàbá tó jẹ́ aṣojú wọ́ọ̀dù yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wọn. Ọ̀gá mi nígbà náà ló ní kí a má kó èrò wá, kí ẹlẹ́rìí má baà jẹ ọjọ́ tán mọ́ wa lọ́wọ́. Mo gbà á gbọ́.

Nígbà tí bàbá náà dúró níwájú adájọ́, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ na fọ́ọ̀mù yẹn sí i.

“Bàbá, níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń ka ìbò yìí?”

“Mo wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe àkójọ èsì wọ́ọ̀dù.”

“Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé wọ́n yí i padà?”

“Àwọn ọmọ wa ló pè mí lórí fóònù.”

Agbẹjọ́rò náà kí àwọn adájọ́, ó jókòó. Kò bi í ní nǹkan mìíràn. Bàbá ṣì wo ojú mi bóyá mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí.

Ìgbìmọ̀ náà ní àgbọ́sọ lásán ni ẹ̀rí rẹ̀, àti pé ńṣe ni a kàn da ìwé sílẹ̀ níwájú àwọn láìsí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ tó máa ṣàlàyé rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i. Ọ̀gá mi sọ fún oníbàárà pé èmi ni mo to àwọn ẹlẹ́rìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ní kí n tò wọ́n bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní.

Ẹ̀kẹta, ẹ rántí pé ẹjọ́ aṣòfin kì í kọjá kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Plateau: ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìdájọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ní kí Gómìnà Mutfwang kúrò nípò, ó ní kòtẹ́milọ́rùn ṣìnà láti dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹgbẹ́. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà tí wọ́n ti torí ọ̀rọ̀ kan náà gba ìjókòó lọ́wọ́ wọn kò rí ibi gbé ẹjọ́ tiwọn lọ mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé ẹjọ́ tiwa yẹn, mo kọjá ní ìlú onídìrí yẹn. Ó dá mi mọ̀, ó fi irun tó ń dì sílẹ̀, ó jáde sí mi. “Lọ́yà, ẹ káàsán, sà. Ìwé mi ńkọ́? Ṣé wọ́n kà á?” Mo sọ fún un pé ó dé iwájú adájọ́. N kò lè sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni ìwé náà ń dúró dè.

Mo ti dá ìwé ẹ̀sùn àbúrò wa padà fún un. Mo ní kó wá aṣojú ibùdó kọ̀ọ̀kan tí èsì rẹ̀ kò bá dá a lójú lọ sílé, kó sì gba ọ̀rọ̀ ìbúra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 9 ló kù nínú 21.